Ẹni Tó Jókòó Nínú Gbọ̀ngàn Òfìfo

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọkùnrin kan wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó lọ jókòó sínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ń retí àwọn èèyàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá. Ó dúró títí oòrùn fi yí, ó dìde, ó lọ sílé. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú.

Ẹni tó ṣí ọ̀nà ikú yẹn fún un kò fọwọ́ kàn án, kò sì bú u. Ọlọ́pàá kankan kò bi í ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹun, tó ń sùn, tí àwọn èèyàn sì ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé ohun tó ti lọ ti lọ. Irọ́ ni. Kò lọ síbì kankan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà padà wá, fèrèsé kan ni kò ṣí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí! Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣí fèrèsé!"

Obìnrin tó ń kígbe bẹ́ẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kò wọ bàtà. Sájẹ́ǹtì tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀sùn nìyẹn? Èmi náà kò ṣí tèmi láàárọ̀ yìí."

"Pa ẹnu dé," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kúkúrú, ó lágídí. Gbogbo àgọ́ náà ló ń pè é ní Ìdí-Abájọ, torí pé ìdáhùn yòówù tí o bá fún un, yóò tún béèrè ìdí rẹ̀. Ó fa àga fún obìnrin náà.

"Jókòó. Kí ló dé tí fèrèsé fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?"

"Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un nígbà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí kò fi kúrò lórí ibùsùn. Ṣíbí ni mo fi ń bọ́ ọ, màmá, èmi àbúrò. Wọ́n wá mú un lọ síbi ẹ̀kọ́ kan nílé ìwòsàn, Ẹ̀kọ́ Ìdìde ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó yíká, wọ́n á máa kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dìde. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ni pé bí o bá ti jí, kí o tó ro ohunkóhun, ṣí fèrèsé. Láti ìgbà yẹn, kò pa á jẹ rí. Nígbà tí ibà dá a wó, ó rákò lọ ṣí i. Ọjọ́ tí a sin ìyá wa, ó ṣí i." Ó di ọwọ́ Ìdí-Abájọ mú. "Òní, kò ṣí i."

Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìdí-Abájọ ti ń wọ bàtà rẹ̀.

*

Yàrá aránṣọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọn kò ti ìlẹ̀kùn. Ó ti tẹ́ ibùsùn, ó sì pa fóònù, ó fi í sórí ìrọ̀rí. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àgékù aṣọ búlúù kún ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó ń wá nǹkan. Nígbà tó yọ ọwọ́ jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ike oògùn oorun rẹ̀ àtijọ́. Ibí ni ó máa ń wà. Kò sí níbẹ̀."

Kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Ìdí-Abájọ sọ fún Sájẹ́ǹtì pé kó fi ìròyìn obìnrin náà ránṣẹ́ sí gbogbo àgọ́ àti gbogbo ibùdókọ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò.

Ìyàwó ilé kan ló yọjú, ó fi ìró wé àyà, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀wù ọkùnrin ló gbé lọ́wọ́ lánàá, ẹ̀wù búlúù, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, 'Aránṣọ, ta ló ni ín?' Ó ní, 'Ẹ ó rí i lọ́la, ẹ máa lanu ni.' Nígbà tó máa fi dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin ni, ẹ gbà mí gbọ́. Ó ti já a jù sílẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́."

"Ọ̀rẹ́kùnrin," Sájẹ́ǹtì wí nígbà tí wọ́n padà wọ yàrá. "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rẹ́kùnrin yẹn."

Ìdí-Abájọ ti tẹ́ bébà ńlá kan sórí tábìlì, irú èyí tí àwọn aránṣọ máa ń gé ní àwòrán ẹ̀wù kí wọ́n tó fi àlùmágàjí kan aṣọ.

"Ìwọ wo èjìká rẹ̀."

"Ti òsì wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Bóyá ó gé e ṣì ni."

"Aránṣọ tó mọṣẹ́ báyìí? Rárá. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kan wálẹ̀ ló rán an fún. Wo àwọ̀ bébà náà. Ó ti pọ́n, ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí ti fẹ́ já. Ó ti pẹ́ tó ti wọn ọkùnrin yìí. Bí ìwọ bá fẹ́ rán ẹ̀wù fún ẹni tí ò ń rí lójoojúmọ́, ṣé o kò ní tún un wọ̀n? Bóyá ó ti sanra, bóyá ó ti gbẹ."

"Ẹ fẹ́ sọ pé kò rí i láti ọjọ́ yẹn?"

"Kò rí i. Kì í ṣe ọ̀rẹ́kùnrin. Ẹni tí kò rí fún ọdún púpọ̀ tó sì ń dunnú láti rí ni." Ó ká bébà náà. "Ó lọ, kò rí i. Ìdí abájọ?"

*

Olùkọ́ tó dá Ẹ̀kọ́ Ìdìde sílẹ̀ ní ọ́fíìsì lókè ilé ìwòsàn náà. Kóòtù tuntun ló wọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ó ní àpèjọ: àwọn tó kọ́ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ń padà bọ̀, kí àwọn àlejò lè fojú ara wọn rí i pé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ọjọ́ méjì, pé ẹni tó bá gbà á ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

"Aránṣọ?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Òun ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo wọn. Ó lè ti lọ ra òwú."

"Pẹ̀lú oògùn oorun lápò?"

Ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó gbé e ró mọ́. Ìdí-Abájọ wo fọ́tò tó wà lára ògiri. Àwọn èèyàn tó jókòó yíká, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú ní méjì-méjì.

"Kí ló dé tí wọ́n fi di ara wọn mú báyìí?"

"Olúkúlùkù ló ní alájọdìde. Ẹni tó máa pè é láàárọ̀, ẹni tó máa gbé e dìde, ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá lójúkojú bí ọjọ́ bá ṣú mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ni òpó ẹ̀kọ́ wa."

"Ta ni alájọdìde aránṣọ?"

"Onígbàjámọ̀."

"Fi onígbàjámọ̀ hàn mí."

Ó nàka sí i. "Awakọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn." Ìdí-Abájọ súnmọ́ fọ́tò náà.

"Awakọ̀ yìí ni onígbàjámọ̀ dì mú. Aránṣọ fi ọwọ́ tirẹ̀ sórí itan ara rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, Olùkọ́. Báwo lẹ ṣe pín mẹ́sàn-án ní méjì-méjì?"

"Áà." Olùkọ́ tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ẹnìkan kúrò kí á tó ya fọ́tò. Ó ti gbádùn pátápátá, ó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ó ṣì máa ń kí wa."

"Ta ló máa ń gbọ́ ìkíni náà?"

"Èmi. Èmi ni mo máa ń jẹ́ ẹ fún wọn."

"Báwo ni èjìká rẹ̀ ṣe rí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, mo ní àlejò."

*

Onígbàjámọ̀ ń fá orí bàbá kan nígbà tí wọ́n wọlé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà, ó fi bàbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí.

"Ìwọ, orí mi ńkọ́?" bàbá náà wí.

"Bàbá, ẹ ní sùúrù, orí yín kò ní sá lọ."

Ìdí-Abájọ tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀. Ó kàn wò ó báyìí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bíríkìlà! Èjìká tó fi ń ru bíríkì nìyí. Òun ni alájọdìde aránṣọ. Lẹ́yìn tó lọ ni wọ́n fi aránṣọ kún èmi àti awakọ̀."

"Ṣé ẹ̀kọ́ náà ń ṣiṣẹ́? Sọ òótọ́ fún mi, má sọ ti àpèjọ."

"Ó ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbálẹ̀ lónìí, ẹ ṣì máa gbá a lọ́la. Awakọ̀ dáwọ́ dúró lọ́dún kejì, àìsàn náà padà gbé e. Bó bá ti dé iwájú Olùkọ́, á máa rẹ́rìn-ín, torí Olùkọ́ kò fẹ́ gbọ́ ẹkún. Ti aránṣọ yàtọ̀. Bíríkìlà ni agbára rẹ̀. Àìsàn tirẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ, ẹkún ló máa ń sun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olùkọ́ wá sọ fún wa pé ó ti gbádùn. Lójoojúmọ́ ni aránṣọ máa ń sọ pé, 'Bí bíríkìlà bá lè dìde, ta ni èmi tí mo máa sùn sílẹ̀?'"

"Ṣé ó pè ọ́ lánàá?"

"Ní ìrọ̀lẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, 'Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti gbọ́ ohùn bíríkìlà rí láti ọjọ́ yẹn?' Mo ní rárá. Ó pa fóònù. Mo rò pé ó fẹ́ ṣe wá ní kàyéfì níbi àpèjọ ni." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Ǹ bá ti tún un pè. Wọ́n kọ́ wa pé ká máa tún un pè."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bíríkìlà kò wá, níbo lẹ jókòó?"

"Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ parí ni. Ọ́fíìsì Olùkọ́ la wà. Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ilé ìwòsàn, la máa ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá wa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé òrùlé ń jò, pé ká wá sókè. Àwọn àlejò kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Olùkọ́ fa kọ́tìnì, ó dúró síwájú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé. Àwa tí wọ́n ní ká máa ṣí fèrèsé!"

*

Nínú ìwé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí ibi tí ẹ̀gbọ́n bíríkìlà ń gbé. Kápẹ́ńtà kan tó ti ń hewú ni, kò dá iṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè.

"Ó wá lánàá. Ó ní kí n bá òun pe àbúrò mi, pé òun ti rán ẹ̀wù fún un. Mo ní, 'Èwo nínú àbúrò mi? Èyí tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ?'"

"Kí lo tún sọ fún un?"

Ó ń fá pátákó ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," Ìdí-Abájọ rọra wí, "obìnrin yẹn gbé oògùn lọ́wọ́."

Ohun èlò náà bọ́ lọ́wọ́ kápẹ́ńtà.

"Mo sọ ohun tí àbúrò mi sọ nígbà tó ti ibẹ̀ dé. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó nínú gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tó wá. Alájọdìde mi pàápàá kò wá.' Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú." Ó jókòó sílẹ̀ sórí àfákù pátákó tó kún ilẹ̀. "Mo fẹ́ kó dùn ún. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi di obìnrin yẹn sínú. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á tì ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, 'Wọ́n ní ó ń kí mi.' Kò sọ ohun mìíràn mọ́. Ó bi mí ní ibi tí sàréè rẹ̀ wà."

Sájẹ́ǹtì ti wà nídìí ọkọ̀. Wọ́n sáré lọ sí ibi ìsìnkú. Koríko ga lórí sàréè bíríkìlà, kò sí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀.

"Etí odò ló kù ká lọ wò," Sájẹ́ǹtì wí. "Ọ̀gá mi, a ti pẹ́ jù."

Ìdí-Abájọ dúró sínú òjò náà, kò nu ojú.

"Dúró. Ká ní ìwọ ni aránṣọ: wọ́n kọ́ ọ pé bí ọjọ́ bá ṣú mọ́ ọ, kí o lọ bá alájọdìde rẹ. Láti ọdún mẹ́jọ, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ò ń ṣe. Bí inú rẹ bá ti wá bàjẹ́ kọjá àlà, ṣé wàá gbàgbé rẹ̀?"

"Alájọdìde rẹ̀ ti kú."

"Òun nìyẹn. Kò lọ bá òkú. Ìlérí tó yẹ̀ ló ń dùn ún. Ó jẹ ẹnìkan ní ìpàdé kan." Ó ti ń sáré padà sí ọkọ̀. "Ìpàdé yẹn ló lọ ṣe!"

*

Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ti di ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó kán sí. Ẹnìkan ti fi bẹ́ẹ̀dì kan ti ìlẹ̀kùn láti inú. Sájẹ́ǹtì gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Sọ ẹsẹ̀ yẹn kalẹ̀," Ìdí-Abájọ wí. Ó fi èjìká ti ìlẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀, ó rá pálá wọlé.

Àga méjì kọjú síra wọn láàárín gbọ̀ngàn. Ẹ̀wù búlúù ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn àga kan, èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀. Aránṣọ jókòó sórí èkejì. Ike oògùn wà lórí itan rẹ̀. Ó fi àtàńpàkò sórí ìdérí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì dé.

"Ìyá mi, ṣé mo lè jókòó?" Ìdí-Abájọ bi í.

"Kò sí àyè. Ẹnìkan ti wà níbẹ̀."

Ìdí-Abájọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O kò tíì ṣí i."

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ rí alájọdìde mi lójúkojú." Ó ń wo ẹ̀wù náà. "Mo ti rí i. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Kò dá mi lóhùn."

"Kí lo ṣe fún un?"

"N kò wá."

"Ìdí abájọ?"

"Wọ́n ní òrùlé ń jò."

"Wo òkè."

Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta. Aránṣọ gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Àjà pátákó náà ti dúdú, ó ti gbó, ó ti ju ẹ̀kọ́ wọn lọ lọ́jọ́ orí. Kò sí àpá omi kan lára rẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Ẹ̀wù búlúù gbẹ.

"Kò jò rí," Ìdí-Abájọ wí. "Wọ́n parọ́ fún ọ. Ìwọ kọ́ lo pa á tì."

Aránṣọ mi orí. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ni kó sọ ọ́. Kó wá sọ ọ́ níbí, kí òun náà gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màmá, n kò dìde mọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Ìdí-Abájọ kò yí ojú kúrò lára àtàńpàkò náà. "Sájẹ́ǹtì, mú Olùkọ́ wá. Má jẹ́ kó dúró kí àlejò kankan."

Olùkọ́ dé pẹ̀lú omi òjò lórí kóòtù tuntun. Onígbàjámọ̀ àti awakọ̀ tẹ̀ lé e, àbúrò aránṣọ sì wà lẹ́yìn wọn, ó ń sunkún láìsí ohùn. Olùkọ́ na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mí sínú dáadáa. Ká fi ọkàn wa sí…"

"Ẹ má kọ́ mi," aránṣọ wí. "Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé òrùlé yìí jò?"

"Ó ti pẹ́. Èèyàn máa ń gbàgbé…"

"Onígbàjámọ̀," Ìdí-Abájọ ké, "fèrèsé ọ́fíìsì tí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ náà, níbo ló kọjú sí?"

Onígbàjámọ̀ yí padà sí ẹnu ọ̀nà, ó nàka sókè. "Òun nìyẹn. Ibí gan-an ló kọjú sí."

Gbogbo wọn gbé ojú sókè wo fèrèsé náà, àfi ẹnìkan. Olùkọ́ ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ kò ní láti wò ó," Ìdí-Abájọ wí. "Ẹ ti mọ ohun tí èèyàn máa ń rí láti ibẹ̀."

"Àwọn àlejò tó ń fún wa lówó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà," Olùkọ́ wí, ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. "Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń sunkún bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Ẹ ro iye èèyàn tó…"

"Mi ò bi yín ní ìdí," aránṣọ wí. "Kí lẹ ṣe?"

Ìdí-Abájọ fúnra rẹ̀ kò béèrè ìdí mọ́.

"Òrùlé kò jò," Olùkọ́ wí. "Irọ́ ni mo pa. Gbogbo yín ni mo sọ fún, n kò sọ fún bíríkìlà. Mo mọ̀ pé ibí ló máa wá. Kò rìnrìn àjò kankan. Mo gbọ́ pé ó kú, mo sì ń jẹ́ ìkíni rẹ̀ fún yín."

Aránṣọ mú ike oògùn náà, kò wò ó, ó nà án sí Ìdí-Abájọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo tán, ó fi í lé èjìká ẹ̀wù búlúù, èyí tó wálẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," ó wí. "Ṣé ẹ rí i lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí i," Olùkọ́ wí. Ó ń sunkún, gbogbo èèyàn sì ń gbọ́ ọ. "Ó jáde wá sẹ́nu ọ̀nà yìí, ó ń wo ọ̀nà bóyá ẹ̀ ń bọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. Ó juwọ́ sí mi. Mo fa kọ́tìnì."